Bá A Ṣe Ń Kọ́ Mímí Lábẹ́ Omi ní Ìjẹ̀bú-Òde Láì Ta Ilẹ̀ Bàbá Ẹni

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ aláre. Ẹ má wo ojú mi tó wú. Aago 6 ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, ọjọ́ Sunday, etí púùlù òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìjẹ̀bú-Òde la wà. Ẹni tó ni òtẹ́ẹ̀lì yìí kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Ohun tó bá wa sọ ni pé ká ti kúrò níbẹ̀ kí àwọn àlejò rẹ̀ tó jí, ká sì máa bá a fọ púùlù náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Àáró ni. Báwọn bàbá wa ṣe ń ro oko ara wọn náà là ń ṣe é.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín lónìí ni bí èèyàn ṣe ń mòòkùn pẹ̀lú sílíńdà afẹ́fẹ́ lẹ́yìn, èyí tí òyìnbó ń pè ní scuba. Iṣẹ́ wáyà ilé ni mò ń ṣe láti Monday dé Saturday. Mo ní káàdì olùkọ́ ìmòòkùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sanwó fún mi níbí. Èmi, nọ́ọ̀sì kan láti Ṣágámù, àti ọmọ apẹja kan láti Ìwópìn la jọ ń kọ́ àwọn èèyàn. Irú ẹgbẹ́ báyìí ti pẹ́ láyé. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ àwọn òmòòkùn tó ń jẹ́ BSAC (British Sub-Aqua Club) ti ń ṣe é láti 1953: àwọn tó mọ̀ ọ́n ń kọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n láì gbowó iṣẹ́, wọ́n jọ ń lo irinṣẹ́, wọ́n sì jọ ń tọ́jú rẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kà nípa wọn, mo ní régbérégbé mà lèyí, aṣọ ẹgbẹ́ nìkan ló kù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí owó, torí mo mọ àwọn èèyàn mi.

Ẹ wo àwọn nǹkan tí mo tẹ́ sórí ẹní yìí. Èyí ni másíkì, èyí ni lẹbẹ ẹsẹ̀, ó rí bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Èyí ni rẹ́gúlétọ̀ tá à ń ti sẹ́nu, tó ń bá wa dín ipá afẹ́fẹ́ inú sílíńdà kù. Jákẹ́ẹ̀tì nìyí, tá à ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ká lè léfòó, tá a sì ń tú u jáde ká lè rì. Bẹ́líìtì òjé rèé, òjé kan náà táwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n. Sílíńdà ló kẹ́yìn. Nínú gbogbo ẹ̀, másíkì nìkan ni mo ní kí ẹ fowó ara yín rà, torí ojú èèyàn méjì kì í rí bákan náà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó bá yín mu, ẹ gbé e sójú láì fi okùn rẹ̀ kọ́ orí, kí ẹ fi imú fa èémí díẹ̀, kí ẹ wá jọ̀wọ́ rẹ̀. Bó bá lẹ̀ mọ́ ojú yín, ẹ rà á. Bó bá já bọ́, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á, ì báà jẹ́ pé owó pọ́ọ́kú ni.

Àwọn yòókù, ti ẹgbẹ́ ni. Èésú là ń dá lóṣooṣù, owó náà ò tó ohun tí ẹlòmíràn fi ń ra aṣọ ẹbí fún òde kan ṣoṣo. Òun la fi ń tún rẹ́gúlétọ̀ ṣe lọ́dọọdún, òun la sì fi ń gbé sílíńdà lọ fún àyẹ̀wò ipá omi, ìyẹn kí wọ́n fi omi tẹ̀ ẹ́ wò bóyá kò ní bẹ́, ní ọdún 5-5. Ẹ wo ọrùn sílíńdà yìí dáadáa: wọ́n lu oṣù àti ọdún tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn sára irin. Bí ẹ bá dé ibikíbi tí wọ́n ti fẹ́ kọ́ yín, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo ojú olùkọ́.

Èmi náà ti ṣe ọlọ́gbọ́n àṣejù rí o. Ṣáájú kí a tó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, mo ra rẹ́gúlétọ̀ àlòkù lọ́wọ́ ẹnìkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ń dán bíi wúrà. Ìgbà tá a tú u, gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ ló ti gbó bí àkàrà àná, owó àtúnṣe rẹ̀ sì ju owó tí mo fi rà á lọ. Ó ṣì wà nílé. Àwọn ọmọ mi fi ń ṣeré.

Ó yá, kí ẹnikẹ́ni tó gbé sílíńdà, ó gbọ́dọ̀ mọ ìlúwẹ̀ẹ́. Kì í ṣe ti ìdíje. Mítà 200 láì dúró, bó bá ṣe wù yín kí ẹ lúwẹ̀ẹ́, kí ẹ sì lè léfòó fún ìṣẹ́jú 10 láì di nǹkan kan mú. Púùlù yìí gùn tó mítà 20, àlọ àti àbọ̀ lọ́nà 5 nìyẹn. Àwọn ọmọ Ìwópìn tí wọ́n bí sétí ọ̀sà máa ń fi wá rẹ́rìn-ín níbí yìí, ṣùgbọ́n àwọn náà ló máa ń ṣe agídí jù nígbà tó bá kan ẹ̀kọ́. Òmùwẹ̀ níí bómi lọ, àwọn àgbà ti sọ ọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ìlera. Ẹni tó ní ikọ́ fée, àrùn ọkàn, wárápá, ẹni tí awọ etí rẹ̀ ti lu, tàbí ẹni tí jẹ́nótáìpù rẹ̀ jẹ́ SS, dókítà ni kó kọ́kọ́ rí. Aláboyún ò wọlé rárá. Ẹ má parọ́ lórí ìwé yìí torí pé ẹ ti san èésú; a máa dá owó yín padà.

Ó kù kí n sọ òfin kan ṣoṣo tó ṣáájú gbogbo òfin yòókù. Ẹ má ṣe sé èémí lábẹ́ omi. Láéláé. Gbogbo ọmọdé tó ti mòòkùn lódò rí ló mọ̀ pé èémí là ń sé, ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti gbàgbé. Ẹ wo bàlúùnù yìí. Mo ti gbé e lọ sísàlẹ̀ púùlù, níbi tó jìn tó mítà 3, mo fi afẹ́fẹ́ ẹnu rẹ́gúlétọ̀ kún un títí tí ara rẹ̀ fi nà tán, mo so ó, mo wá jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ máa wò ó bó ṣe ń gòkè... Ẹ gbọ́? Páà! Mítà 3 péré nìyẹn o. Omi ń tẹ afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀. Ní mítà 10, ipá tó ń tẹ̀ ẹ́ di ìlọ́po méjì ti orí ilẹ̀, ní mítà 20 ó di ìlọ́po mẹ́ta. Bó o bá mí èémí kún inú ní mítà 10, tó o sé e, tó o gòkè, afẹ́fẹ́ yẹn á fẹ́ di ìlọ́po méjì nínú àyà rẹ, ẹ̀dọ̀fóró rẹ ò sì lè nà bíi rọ́bà. Nítorí náà, fà á sínú, tú u jáde, fà á sínú, tú u jáde. Bí rẹ́gúlétọ̀ bá bọ́ lẹ́nu rẹ, máa hùn jẹ́jẹ́ bí ẹni ń kọrin fọ́mọ, kí ìhó kéékèèké máa jáde títí tí wàá fi rí i gbà padà.

Etí ló tẹ̀ lé e. Ẹ di imú yín báyìí, ẹ pa ẹnu dé, ẹ fẹ́ ẹ jẹ́jẹ́ títí etí á fi dún "pọ́". Látorí mítà àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa ṣe é lemọ́lemọ́. Ẹ má dúró dìgbà tó bá dùn yín, torí ó ti pẹ́ nígbà yẹn. Bó bá kọ̀, ẹ gòkè díẹ̀, kí ẹ tún gbìyànjú. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ jáde, ẹ lọ jẹun. Mo ti fi ọ̀fìnkìn wọmi rí nítorí ìtìjú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ẹ̀fọn ń kọrin nínú etí òsì mi.

Àmì ọwọ́, kíákíá. Èyí tí ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ṣe òrùka, "mo wà dáadáa" nìyẹn. Àtàǹpàkò sókè kì í ṣe "ó dáa" lábẹ́ omi o, "ẹ jẹ́ ká gòkè" ni. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ti fi ayọ̀ na àtàǹpàkò sókè, tí mo sì mú wọn gòkè lọ. Àtẹ́lẹwọ́ tí mo nà sí yín báyìí, "ẹ dúró" ni, mi ò ṣe wàká sí ẹnikẹ́ni.

Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ súnmọ́ kámẹ́rà. Gaàrí ni ìyá wa ń tà ní ọjà Òkè-Ajé, oṣù kejì wọn nìyí pẹ̀lú wa. Ohun tó dẹ́rù bà wọ́n jù ni kí omi wọ másíkì. Ṣé ẹ rí i, omi ti kún ojú wọn báyìí. Wọ́n gbójú sókè díẹ̀, wọ́n fi ìka tẹ etí másíkì lókè níbi iwájú orí, wọ́n wá fi imú tú èémí jáde. Omi ti gba ìsàlẹ̀ lọ. Ọjọ́ Sunday mẹ́ta ló gbà wọ́n kí wọ́n tó lè ṣe èyí láì dìde dúró. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ràn ẹgbẹ́ ju ilé ẹ̀kọ́ olówó lọ: kò sẹ́ni tó ń wo aago. Ẹ kú iṣẹ́ ìyá. Kí másíkì má baà ṣú, ẹ tu itọ́ sí i, ẹ fi pa gíláàsì rẹ̀, kí ẹ ṣàn án. Ó ń rí yín lára? Ẹ ó bá mi lò ó bó pẹ́ bó yá.

Ibi tí mo ti máa ń gbóhùn sókè nìyí: afẹ́fẹ́ inú sílíńdà. Afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí yìí náà ni, wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ wọlé ni, ọ́síjìn inú rẹ̀ ò ju ìdá 21 nínú 100 lọ. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà kankan yá yín ní sílíńdà ọ́síjìn. Tó bá ti kọjá bíi mítà 6, ògidì ọ́síjìn lè sọ èèyàn di onígìrì lábẹ́ omi. Ẹ má sì gbé e lọ fún fọkanáísà. Ẹnìkan béèrè lọ́wọ́ mi rí, kì í sì í ṣe ọ̀dẹ̀. Bar la fi ń wọn ipá afẹ́fẹ́: táyà mọ́tò ń gba bíi bar 2, sílíńdà yìí ń gba 200. Ẹ̀rọ ti fọkanáísà ò lè débẹ̀, epo àti èéfín inú rẹ̀ sì lè pa yín. Ẹ̀rọ tó wà fún afẹ́fẹ́ mímí, tó ní àsẹ́, la ń lò, àwa náà sì máa ń gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà, ká wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa odidi ìdílé mọ́jú lórí ilẹ̀, bó bá wọ sílíńdà, ìlọ́po méjì ni agbára rẹ̀ ní mítà 10.

Sílíńdà onílítà 12 tó kún dé bar 200 ní afẹ́fẹ́ tó máa tó lítà 2,400 bí wọ́n bá tú u síta. Bí géèjì tó ń fi bar tó kù hàn bá ti sún mọ́ 50, ó yẹ kí ẹ ti máa dé òkè. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ó gòkè díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má yára ju mítà 9 lọ nínú ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì dúró ní mítà 5 fún ìṣẹ́jú 3. Ẹ rántí Harrison Okene, agbọ́únjẹ inú ọkọ̀ ojú omi tó rì nítòsí Escravos ní 2013. Nǹkan bíi wákàtí 60 ló lò nínú ihò afẹ́fẹ́ kan, ní bíi mítà 30 sísàlẹ̀. Nígbà táwọn tó mòòkùn rí i, wọn ò lè fà á jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Náítírójìn, gáàsì tó pọ̀ jù nínú afẹ́fẹ́ tá à ń mí, ti wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bí gáàsì ṣe wà nínú ìgò mínírà, ẹ sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá ṣí mínírà tí wọ́n ti mì. Inú yàrá kan tí wọ́n ti ń dín ipá afẹ́fẹ́ kù díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi í sí kó tó tẹ ilẹ̀. Ọkùnrin yẹn padà lọ kọ́ṣẹ́ ìmòòkùn o. Èmi ò mọ ìgboyà tó jù ú lọ.

Àwọn kan á ní kí ló dé tá ò lọ sí ọ̀sà. A máa ń lọ. Ọ̀sà Lẹ́kkí tó wà lẹ́bàá Ìwópìn ò jìn, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ ò tó mítà 3, omi rẹ̀ sì dúdú. Àwọ̀n pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà sísọ́ọ̀sì kékeré máa ń wà lára jákẹ́ẹ̀tì wa, a sì máa ń kí àwọn àgbà apẹja kí ẹsẹ̀ wa tó kan omi. Ibi tá a ti ń gba káàdì, ìyẹn ẹ̀rí pé èèyàn ti di òmòòkùn, òkun tó mọ́ ni. Ọgbọ́n owó tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ lè parí ẹ̀kọ́ ìwé àti ti púùlù níbí, kí olùkọ́ tó ní káàdì fún yín níwèé, kí ẹ wá lọ ṣe ìwọmi mẹ́rin tó kù ní Zanzibar tàbí Òkun Pupa ní Íjíbítì láàárín oṣù 12. Owó ọjọ́ mélòó kan lókèèrè ló dín kù yẹn. Bí ẹ bá parí, ẹ má wọ bàálù títí ó kéré tán wákàtí 18 á fi kọjá.

Ó ku iṣẹ́ tẹ́nìkan ò fẹ́ ṣe. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣan gbogbo irinṣẹ́, ẹ fi ìdérí rẹ́gúlétọ̀ dé e kí omi má baà wọ inú rẹ̀, ẹ sá jákẹ́ẹ̀tì síbi òjìji, kì í ṣe oòrùn. Kí ẹ wá kọ ọ́ sínú ìwé yín: ọjọ́, ìjìnlẹ̀, ìṣẹ́jú, bar tó kù. Ìyá Ìbejì ti kọ tiwọn. Ẹ jẹ́ kí n kà á: "Mítà 3. Ìṣẹ́jú 22. Ó dákẹ́ ju ọjà lọ." Ẹ mà gbàgbé bar tó kù, ìyá. Ẹ padà wá.