Ta Ló Di Kámẹ́rà Mú? Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Dọ́kúmẹ́ńtárì Mẹ́ta Tó Yẹ Ní Wíwò

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé inú fíìmù àgbéléwò ni irọ́ wà, pé dọ́kúmẹ́ńtárì kò ní òṣèré, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Fíìmù mẹ́ta tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, kò sí èyí tí wọn kò to nǹkan sí nínú wọn. Ká wá mọ ohun tí wọ́n tò, ìdí tí wọ́n fi tò ó, àti bóyá wọ́n jẹ́ ká mọ̀.

Ẹ mú ìwé kan, ẹ fi ìlà pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀nà kìíní, ohun tí kámẹ́rà bá níbẹ̀. Ọ̀nà kejì, ohun tí wọ́n tò kí kámẹ́rà lè yà á. Ọ̀nà kẹta, ohun tí ẹnìkan kàn fẹnu sọ tí a kò fojú rí. Ẹ̀yìn ìwé wà fún ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wo fíìmù náà délẹ̀ láìkọ nǹkan kan, torí ẹni tó ń kọ̀wé kì í rí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ìgbà kejì ni kí ẹ máa dá a dúró. Ẹ tún pa ohùn rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún: ẹ máa rí i pé orin ló ń bà yín lẹ́rù níbi tí àwòrán kò ti ṣe nǹkan kan.

Àkọ́kọ́ ni Nanook of the North, tí Robert Flaherty gbé jáde ní 1922 lọ́dọ̀ àwọn Inuit ní àríwá Kánádà. Àwòrán tó kọ́kọ́ yà, iná sìgá tirẹ̀ ló já sí i ní 1916. Nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 30,000 jóná, torí fíìmù ayé ìgbà náà máa ń gbiná bí ẹ̀tù. Ó tún padà lọ. Ọkùnrin tó pè ní Nanook, Allakariallak ló ń jẹ́. Ìbọn ni wọ́n ti fi ń ṣọdẹ nígbà náà, Flaherty ló ní kí wọ́n gbé ọ̀kọ̀ bíi ti àwọn baba wọn. Ilé yìnyín tí ẹ máa rí ìdílé náà tí wọ́n sùn sí, wọn kò kọ́ ọ tán: inú ilé gidi ṣókùnkùn jù fún kámẹ́rà, wọ́n sì ṣí ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀. Inú òtútù gbangba ni wọ́n ti ń bọ́ra sùn. Ọ̀nà kejì ìwé yín á ti kún.

Ẹ má tìtorí ẹ̀ jù ú nù. Ẹ wo ibi tí Allakariallak ti ń kọ́lé. Ó gé yìnyín dídán, ó fi ṣe fèrèsé, ó sì gbé ègé òjò dídì kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè ta wọlé. Wọ́n lè bẹ èèyàn kó kọ́lé, wọn kò lè bẹ̀ ẹ́ kó mọ̀ ọ́n kọ́. Ọ̀nà kìíní ni èyí lọ.

Ìkejì ni The Thin Blue Line ti Errol Morris, 1988. Ní oṣù kọkànlá 1976, wọ́n yìnbọn pa ọlọ́pàá kan ní Dallas, wọ́n sì dájọ́ ikú fún Randall Adams ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n pa á ní 1979 nígbà tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n dúró. Wọ́n wá sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n gbére. Torí Adams kọ́ ni Morris ṣe wá sí Texas. Dókítà ọpọlọ kan tó máa ń jẹ́rìí níbi ẹjọ́ ikú ló fẹ́ ya, ìyẹn ló mú un kan Adams lẹ́wọ̀n.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣi fíìmù yìí wò. Morris lo òṣèré, ó sì ṣe ìpànìyàn náà ní àṣetúnṣe. Ẹni tó bá rò pé ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ló ń wò, á dàrú mọ́ ọn lójú, torí bí ẹlẹ́rìí bá ṣe yí ọ̀rọ̀ padà ni àwòrán náà ń yí. Ohun tí ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan búra sí ni Morris ń ṣe hàn wá, ká lè rí i pé wọn kò bá ara wọn mu. Lọ́jọ́ tó máa bá David Harris, tó jẹ́rìí ta ko Adams, sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, kámẹ́rà bàjẹ́. Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kékeré ló kù, òun nìkan náà la sì rí lójú fíìmù bí Harris ti ń sọ ọ́ débi tó fi hàn pé Adams kò mọwọ́mẹsẹ̀. Wọ́n dá Adams sílẹ̀ ní 1989. Ọdún yẹn náà ló pe Morris lẹ́jọ́ lórí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ sí ìtàn ayé òun.

Ẹ̀kẹta ló kàn wá jù: Dahomey ti Mati Diop, tó gba ẹ̀bùn tó ga jù ní àjọ̀dún fíìmù Berlin ní 2024. Kò pé wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó tẹ̀ lé nǹkan 26 tí àwọn ọmọ ogun Faransé kó ní Abomey, olú ìlú ìjọba Dahomey àtijọ́ ní ilẹ̀ Benin òde òní, ní ìgbà ogun 1892, láti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé quai Branly ní Paris padà sí Kútọnu ní oṣù kọkànlá 2021. Wọ́n di ère Ghezo, ọba Dahomey kan, sínú àpótí, wọ́n kàn án pa, ojú fíìmù ṣókùnkùn, ère sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ ní èdè Fọ̀n. Makenzy Orcel, òǹkọ̀wé ará Haiti, ló bá wọn kọ ọ̀rọ̀ náà. Kò sẹ́ni tí ìyẹn lè tàn jẹ. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ ṣọ́ ni àríyànjiyàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Abomey-Calavi, tó dà bíi pé kámẹ́rà kàn bá wọn lẹ́nu rẹ̀ ni. Diop ló pè wọ́n jọ. Tiwọn ni ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, pàápàá àwọn tó ní ìwọ̀sí ni 26 nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún nǹkan tí wọ́n kó lọ.

Ó wá ku ẹ̀yìn ìwé, ibẹ̀ ló sì ti le jù fún Yorùbá. Ghezo yìí ló kógun wá sí Abẹ́òkúta ní 1851. Glele ọmọ rẹ̀, tí ère tirẹ̀ náà wà nínú 26 yẹn, tún wá ní 1864, ogun rẹ̀ ló sì fọ́ Kétu ní 1886. Fíìmù náà kò torí ìyẹn jáde, n kò sì ní bá a jà sí i. Ṣùgbọ́n bí ohùn ọba bá ń jáde látinú òkùnkùn àpótí, àwọn tí ọba náà kó lẹ́rú kò ní ère tó máa bá wọn sọ tiwọn. Ẹ kọ wọ́n síbẹ̀. Lábẹ́ wọn, ẹ kọ Gu, ère onírin tó dúró gbọn-in, tí Faransé kó ní Ouidah. Gu ni àwọn Fọ̀n ń pe Ògún. Kò sí nínú àwọn 26. Louvre, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Paris, ni wọ́n gbé e sí.