Mọ́tò ò fà mọ́, iná ń ṣẹ́jú: ẹ má tíì ra nǹkan kan

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ wo dáṣíbọọ̀dù yìí, Corolla 2004 ni, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, mọ́tò àbúrò mi. Ṣé ẹ̀ ń rí iná yẹ́lò yẹn tó ń ṣẹ́jú, èyí tí wọ́n ń pè ní "check engine"? Lánàá tá a gun bíríìjì Ojúẹlẹ́gba, bí mo ṣe ń tẹná tó, ṣe ló ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, dánfó tó ń tú èéfín ló wá ń yà wá sílẹ̀.

Tí iná yẹn bá kàn tàn kalẹ̀, tí mọ́tò ò sì ṣe yánpọnyánrin, ẹ ṣì lè rọra wà á délé. Àmọ́ tó bá ń ṣẹ́jú báyìí, ẹ wá ibi pa á sí, torí epo tí ò jó nínú ẹ́ńjìnnì ló ń wọ ẹgsọ́ọ̀sì lọ, ibẹ̀ ló ti máa ba katalísì tó ń fọ èéfín mọ́ jẹ́, owó katalísì kì í sì í ṣe owó ọbẹ̀. Iná pupa tó dà bí agolo epo ńkọ́? Ẹ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, ẹ má bi mí ní nǹkan kan.

Àwọn mẹkáníìkì kan á ní kẹ́ ẹ lọ ra pọ́ǹpù epo. Èmi náà ti kó sí i rí o, mo ra pọ́ǹpù, mo ra fílítà, mọ́tò ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo náwó.

Abẹ́ sitiárìn nìyí, ihò yìí wà lára gbogbo mọ́tò tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 1996. Mo ki skánà, ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn mọ́tò, bọ̀ ọ́, ó gbé kóòdù P0302 wá. Ìyẹn ni pé sílíńdà kejì, ọ̀kan nínú ihò mẹ́rin tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, ò jó epo dáadáa, kò sọ pé kọ́ìlì tó ń fún plọ́ọ̀gì ní iná ló bàjẹ́ o, ó lè jẹ́ plọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo, ó lè jẹ́ nọ́sù tó ń fọ́n epo wọlé.

Kọ́ìlì mẹ́rin ló wà lórí ẹ́ńjìnnì yìí. Mo ti pa á, mo fi sípánà tẹ́ẹ̀nì tú ìkejì, mo gbé e sí ojú ìkẹta, ti ìkẹta bọ́ sí ìkejì, mo pa kóòdù rẹ́, mo sítáàtì. Ó ṣì ń gbọ̀n, ẹ dúró ná... P0303! Ẹ ò rí i? Àìsàn tẹ̀lé kọ́ìlì. Ká ní P0302 ló tún gbé wá ni, plọ́ọ̀gì ni mi ò bá yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà nọ́sù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láì sítáàtì, iná yìí gbọ́dọ̀ tàn. Tí ò bá tàn, ẹnì kan lè ti yọ gílóòbù ẹ̀ kẹ́ ẹ má baà rí nǹkan.

Kọ́ìlì tuntun ti wọlé. Ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀.