Ohun Tó Ń Dúró De Ẹni Tó Fẹ́ Di Ẹnjiníà Ẹ̀rọ

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ló ti tú fáànù tàbí rédíò palẹ̀ rí láti wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Kò burú. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n tètè là á mọ́lẹ̀: bí ẹ bá di ẹnjiníà ẹ̀rọ, sípánà kò ní fi bẹ́ẹ̀ gbé lọ́wọ́ yín. Mẹkáníìkì ló ń tún èyí tó ti bàjẹ́ ṣe. Iṣẹ́ tiwa ni kí a ti mọ ibi tí ẹ̀rọ yóò ti bàjẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó rọ ọ́ rárá.

Ẹ wo ọkọ̀ òfurufú Comet, ọkọ̀ akérò àkọ́kọ́ tó ń lo ẹ́ńjìnnì jẹ́ẹ̀tì. Ọdún 1952 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò. Nígbà tó di 1954, méjì nínú wọn fọ́ lójú òfurufú láàárín oṣù mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó yè. Àwọn ẹnjiníà ní Farnborough, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kan táńkì ńlá, wọ́n ti ara ọkọ̀ kan bọ inú rẹ̀, wọ́n ń fi omi tì í láti inú, wọ́n ń dẹ̀ ẹ́, wọ́n tún ń tì í, bí ẹni pé ọkọ̀ náà ń gòkè tó sì ń sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí àpapọ̀ ìrìn rẹ̀, ti gidi àti ti inú táńkì, lé ní 3,000, ara rẹ̀ ya. Igun fèrèsé ló ti bẹ̀rẹ̀, torí pé ibi igun ni wàhálà, ìyẹn agbára tó ń fa irin ya, máa ń ṣù jọ sí. Ìtì kan ṣoṣo kò tó ohun tó lè fà á ya. Lemọ́lemọ́ rẹ̀ ló pa á. Irú èrò yìí lẹ ó máa rò lójoojúmọ́, ì báà jẹ́ jíà kékeré lẹ ń yà.

Iwájú kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ wákàtí yín yóò lọ sí. Ẹ ó ya àwòrán, ẹ ó ṣírò, ẹ ó kọ ìròyìn. Kò sí ọ̀pá irin tó nípọn ní mìlímítà 20 géérégé láyé yìí. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ iye tó lè fi lé àti iye tó lè fi dín. Bí ẹ bá fàyè gbà á jù, ọ̀pá náà kò ní jókòó dáadáa nínú bérìn, ohun tó ń gbé ọ̀pá tó ń yí dúró. Bí ẹ bá sì fún un mọ́ dé ìdá ọgọ́rùn-ún mìlímítà kan níbi tí kò ti pọn dandan, owó iṣẹ́ á fò sókè lásán, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ léètì tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin á sì máa fi yín rẹ́rìn-ín. (Ẹ lọ jókòó tì í. Ohun tó mọ̀ kò sí nínú ìwé.)

Ní ti ẹ̀kọ́ náà, ooru àti agbára ni, ìṣàn omi àti afẹ́fẹ́, okun irin, pẹ̀lú ìṣirò lóríṣiríṣi. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́.

Iṣẹ́ kò há sí ibì kan ṣá. Ẹni tó mọ bí ohun méjì ṣe ń yún ara wọn jẹ lè ṣiṣẹ́ lórí tọ́báìnì, ẹ̀rọ tí omi tàbí afẹ́fẹ́ ń yí, ó sì lè ṣiṣẹ́ lórí oríkèé ìbàdí àtọwọ́dá. Àmọ́ ẹ má retí pé odidi ọkọ̀ ni wọn yóò gbé lé yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní. Fáàfù kan, ohun kékeré tó ń ṣí tó sì ń dí ọ̀nà omi tàbí afẹ́fẹ́, lè gba odidi ọdún lọ́wọ́ yín.

Apá kan wà tí wọn kì í fi kọ́ni tó. Ní January 28, 1986, Challenger, ọkọ̀ tí ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń gbé èèyàn lọ sí gbangba òfurufú, tú ká lójú ọ̀run, àwọn méje inú rẹ̀ sì kú. Òtútù ni kò jẹ́ kí rọ́bà tó ń dí oríkèé rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dí i. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àwọn ẹnjiníà tó mọ rọ́bà náà ti ní kí wọ́n má jẹ́ kí ọkọ̀ náà gbéra. Àlàyé tí wọ́n ṣe kò yí àwọn ọ̀gá lọ́kàn padà. Ìròyìn kíkọ tí ẹ ń sá fún yẹn, ẹ má pè é ní iṣẹ́ akọ̀wé.

Bí wọ́n bá sì pè yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, tí wọ́n ní ṣé ẹ ní ìbéèrè, ẹ bi wọ́n pé: ta ló lè dá iṣẹ́ dúró níbí bí ẹnjiníà bá rí ewu? Bí wọ́n bá ń wojú ara wọn, ẹ gbé ọ̀rọ̀ owó oṣù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.