3 Fẹ́búárì: Ẹ Má Ka Ọdún Bí Ẹni Ń Ka Ọjọ́ Ìsọmọlórúkọ

Ẹ wo kàlẹ́ńdà yìí. Ẹ má wo ìyá tó wà lórí ẹ̀ o, ìyá yẹn ti lọ sinmi, níbi òkú wọn ni wọ́n ti fún mi, pẹ̀lú ike ìpọnmi kan tó ti là báyìí. Ibi tí mo fi báírò pupa yí po yẹn ni kẹ́ ẹ wò. 3 Fẹ́búárì. Ọjọ́ kan ṣoṣo, àmọ́ nǹkan tó wà nínú ẹ̀ pọ̀ ju ọjọ́ kan lọ.

Ẹ̀yin tèmi, ẹ káàbọ̀. Abẹ́òkúta nibí, ẹ gbọ́ ariwo ọ̀kadà yẹn, mi ò lè ní kó dákẹ́.

Ó yá. Lọ́jọ́ yìí, ọdún 1976, Murtala Muhammed, olórí ìjọba ológun nígbà yẹn, bá gbogbo Nàìjíríà sọ̀rọ̀, ó ní ìpínlẹ̀ 12 tó wà nílẹ̀ ti di 19. Western State tí olú-ìlú ẹ̀ wà n'Ìbàdàn, wọ́n fọ́ ọ sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Oǹdó, Ògùn. Àwa bọ́ sí Ògùn, Abẹ́òkúta sì di olú-ìlú. Nínú ọ̀rọ̀ kan náà yẹn ló ti ní olú-ìlú Nàìjíríà máa kúrò l'Ékòó lọ sí àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè, ibi tá a wá ń pè ní Abuja. Ẹ̀yin ará Ọ̀ṣun tẹ́ ẹ máa ń bá wa dá sí ọdún yìí, ẹ rọra o, 27 Ọ́gọ́ọ̀sì 1991 ni tiyín. Ẹ̀yin Èkìtì, 1 Òkítóbà 1996. Ká máa lọ.

Ibi tí gbogbo èèyàn ti máa ń ṣìnà rèé o. Ẹ sún mọ́bí.

Tá a bá dé 2026, ọdún mélòó ni Ìpínlẹ̀ Ògùn pé? Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń fi ìka kà á lọ́ọ̀ọ́kán yẹn: 1976 ọ̀kan, 1977 èjì, 1978 ẹ̀ta, á kà á kà á, á sì ní 51. Irọ́ ni! Àádọ́ta ni. 50! ỌDÚN TÍ NǸKAN ṢẸLẸ̀, ÒDO NI. Ẹ jẹ́ n tún un sọ fún ẹni tó ń fọ abọ́ tó gbé fóònù ti ògiri: ỌDÚN TÍ NǸKAN ṢẸLẸ̀, ÒDO NI! 1977 ni ọ̀kan. Ẹ yọ 1976 kúrò nínú ọdún tẹ́ ẹ wà, iye tó bá kù ni, kò sí ìka kankan níbẹ̀.

Kì í kúkú ṣe pé a ò mọ ìṣirò o. Mo ti rò ó dáadáa, bí Yorùbá ṣe ń ka ọjọ́ ló fà á. Ẹ wò ó, tí wọ́n bá bímọ ní Túsìdeè, ìgbà wo la máa ń sọ ọ́ lórúkọ? Túsìdeè tó tẹ̀lé e. Kí la máa ń pè é? Ìjọ́ kẹjọ. Àmọ́ láti Túsìdeè sí Túsìdeè, ọjọ́ méje ló wà níbẹ̀! Ọjọ́ tí wọ́n bí i gan-an la fi ṣe ọ̀kan. Ọjà ọrọọrún náà ńkọ́, ẹ lọ bá àwọn ìyá tó ń ná an, tí wọ́n bá ná an lónìí, ọjọ́ mẹ́rin sí i ni wọ́n tún máa ná an, síbẹ̀ ọrún la pè é, àrún. Ìpàdé ìtàdógún tí àwọn ẹgbẹ́ ìyá mi máa ń ṣe, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún síra wọn ni. Gbogbo ẹ̀ ló ń ka ọjọ́ àkọ́kọ́ mọ́ ọn, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ọdún, ti kàlẹ́ńdà òyìnbó, ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni. Ọmọ tẹ́ ẹ bí láàárọ̀ yìí, ṣé ẹ máa gé kéèkì ọdún kan fún un lálẹ́ yìí? Ẹ̀hẹ́n!

Ẹ wò ó, mi ò lè fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ jù, torí èmi náà ti jẹ ẹ́ rí. Lọ́dún 2016 wọ́n ní kí n lọ tẹ bánà fún àdúgbò wa, kí a fi kí ìpínlẹ̀ kú ọdún, owó wà, ayọ̀ wà, mo jókòó mo ka ìka mi, mo bá kọ 41. Gàdàgbà báyìí! A gbé e kọ́ sí oríta. Bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ń kọjá lọ, wọ́n dúró, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló kọ́ ẹ ní ìṣirò?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú." Mo gé pépà funfun, mo kọ òdo sí i, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ọ̀kan. Ṣé ẹ mọ ọyẹ́ Fẹ́búárì? Kó tó di ọ̀sán ọyẹ́ ti ṣí pépà yẹn lọ, ó tún di 41. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ń lọ s'Ítòkú ra àdìrẹ, ọ̀nà ẹ̀yìn ni mò ń gbà kí n má bàa pàdé bàbá yẹn.

Nǹkan kan tún dùn mọ́ mi o: 3 Fẹ́búárì 1976, Túsìdeè ni. 3 Fẹ́búárì 2026, Túsìdeè náà ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun méjèèjì. Mo kàn sọ ọ́ ni.

Ó yá, ẹlòmíì wo ló tún ni ọjọ́ yìí? Ọdún 1960, Harold Macmillan, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, dúró ní ilé aṣòfin ní Cape Town, ó sọ fáwọn òyìnbó South Africa lójú ara wọn pé afẹ́fẹ́ àyípadà ti ń fẹ́ káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà. Ó ti kọ́kọ́ gba Accra àti Èkó kọjá lóṣù tó ṣáájú, ojú ẹ̀ ti rí i. Kí ọdún yẹn tó parí, àwa ti gba òmìnira. Ọdún 1969, wọ́n fi bọ́ǹbù sínú ìwé tí wọ́n dì ránṣẹ́ sí Eduardo Mondlane, olórí FRELIMO, ẹgbẹ́ tó ń jà fún òmìnira Mozambique, ní Dar es Salaam ní Tanzania. Bó ṣe ní kóun ṣí i báyìí, ó kú. Ní Mozambique títí dòní, ọjọ́ àwọn akọni ni 3 Fẹ́búárì, wọn kì í lọ síbi iṣẹ́.

Wàyí o, èyí tí mo fẹ́ràn jù. Bartolomeu Dias, ará Pọtogí, gúnlẹ̀ sí Mossel Bay ní ìsàlẹ̀ Áfíríkà ní 3 Fẹ́búárì 1488. Ọjọ́ àjọ̀dún São Brás ló bọ́ sí nínú ìjọ Àgùdà, wọ́n bá fi orúkọ ẹni mímọ́ yẹn sọ ibẹ̀. Àmọ́ ẹ dúró o, 3 Fẹ́búárì tiẹ̀ kọ́ ni tiwa! Kàlẹ́ńdà Julius Caesar ni wọ́n ń lò nígbà yẹn, ọdún tiẹ̀ sì fi bí ìṣẹ́jú 11 gùn ju ti oòrùn lọ. Ẹ ní ìṣẹ́jú 11 kí ni? Ẹ jẹ́ kí aago yín máa fi ìṣẹ́jú 11 fà sẹ́yìn lọ́dọọdún fún ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé, ẹ ó rí nǹkan. Póòpù Gregory Kẹtàlá ló wá tún un ṣe ní 1582, àwọn èèyàn sùn ní 4 Òkítóbà, ilẹ̀ mọ́, ó di 15. Nígbà ayé Dias, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ìyàtọ̀ yẹn ṣì jẹ́, torí náà tá a bá fi kàlẹ́ńdà tiwa wò ó, 12 Fẹ́búárì ló gúnlẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣagídí, 1752 ni wọ́n tó gbà. Rọ́ṣíà ńkọ́? Ó di 1918! Wọ́n parí 31 Jánúárì, ilẹ̀ mọ́ sí 14 Fẹ́búárì.

Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan tí mo sọ? Ní Rọ́ṣíà lọ́dún 1918, KÒ SÍ 3 FẸ́BÚÁRÌ. Kò wáyé rárá. Ẹni tí wọ́n bí lọ́jọ́ náà, ó ti gba f'Ọ́lọ́run lọ́dún yẹn.

Àwọn ará Rọ́ṣíà kan náà yìí ló wá mú kí Luna 9, ẹ̀rọ tí kò sí èèyàn nínú ẹ̀, gúnlẹ̀ sórí òṣùpá ní 3 Fẹ́búárì 1966, nǹkan àkọ́kọ́ tó balẹ̀ jẹ́jẹ́ síbẹ̀ tí kò fọ́, ó sì ń ya fọ́tò ránṣẹ́ sílé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Jodrell Bank, ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ńlá gbọ́ ìró láti ojú ọ̀run, gbọ́ ìró ẹ̀, ó jọ ìró ẹ̀rọ tí àwọn oníwèé ìròyìn fi ń fi fọ́tò ránṣẹ́, ni wọ́n bá lọ yá ẹ̀rọ yẹn wá, fọ́tò òṣùpá bá jáde nínú ìwé ìròyìn ní Lọ́ńdọ̀nù káwọn tó ni ín tó gbé e jáde. Mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá rántí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Murtala tó dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ ní 3 Fẹ́búárì, ní 13 Fẹ́búárì kan náà yẹn ni wọ́n yìnbọn pa á l'Ékòó, lọ́jọ́ Fúráìdeè. Ọjọ́ kejì ẹ̀ ni wọ́n gbé ìjọba lé Ọbásanjọ́ lọ́wọ́, ọmọ Òwu, ọmọ Abẹ́òkúta níbí. Àwọn èèyàn máa ń fi ọjọ́ méjèèjì yìí pe ara wọn torí ẹ̀ta tó wà nínú wọn. Ó yá, láti ọjọ́ tó kéde Ògùn títí dé ọjọ́ tí wọ́n pa á, ọjọ́ mélòó ló fi wà láyé? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Ẹni tó bá kọ mọ́kànlá, ó ti ka ọjọ́ ìsọmọlórúkọ nìyẹn o, kó padà lọ bẹ̀rẹ̀ fídíò yìí láti ọ̀dọ̀ ìyá orí kàlẹ́ńdà.