Ta ni "wọ́n" nínú ìwé ọmọdé?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin òǹkọ̀wé àti ayàwòrán. Ìwé ọmọdé tó dá lórí ẹbí ni ọ̀rọ̀ wa. Lọ́dún 1990, Rudine Sims Bishop, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé ìwé lè jẹ́ fèrèsé fún ọmọdé, ó sì lè jẹ́ dígí tí yóò ti rí ara rẹ̀. Dígí yẹn ló wọ́n nílé wa. Ọmọ tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́, tí ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, kò lè bá ara rẹ̀ pàdé nínú ìwé tó jẹ́ bàbá kan, ìyá kan, ọmọ méjì àti ajá.

Kí ẹ tó kọ gbólóhùn kan, ẹ to agbo ilé náà sórí bébà. Ta ló bí ta? Ta ni ìyálé? Ọmọ wo ni ìyàwó bá nílé, èwo ni wọ́n bí lẹ́yìn tó wọlé? Kí ni kálukú ń pe ẹnì kejì? Ọmọ kì í pe ìyàwó bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ẹ̀. "Àǹtí" ni, tàbí "Ìyá Bọ́lá". Ìyàwó náà kì í sì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ: Adúmáadán, Eyínfúnjowó, Akọ̀wé ni yóò máa pè é, kódà kí ọmọ náà má ju ọdún mẹ́fà lọ. Ó sì lè kí i pé, "Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀." Nínú ìwé tó ní Gẹ̀ẹ́sì nísàlẹ̀, ibí gan-an ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Bẹ́ ẹ bá tú u gẹ́gẹ́ bí ọkọ tó gbéyàwó, ọmọ tó ń kà á ní London á máa ronú pé ìgbà wo ni ọmọ kíláàsì kìíní ṣègbéyàwó. Ẹ fi "Ọkọ mi" sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì náà. Kí àwòrán fi ìyàwó hàn lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ọmọ tó gbé báàgì iléèwé kọ́rùn.

Orúkọ ńkọ́? Ẹ sọ ọmọ ní Ìyábọ̀, ẹ wá ya ìyá àgbà kan ṣoṣo tó wà nínú ìtàn sí ojú-ìwé kejì, ó ń rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà tó ń kà á sókè á dúró: ìyá àgbà wo ló kú, tí ọmọ yìí fi jẹ́ Ìyábọ̀? Bákan náà ni Babátúndé. Tó bá jẹ́ ìbejì ni, Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Táyéwò ló kọ́kọ́ jáde.

"Wọ́n" ló le jù. "Ìyá Àgbà jókòó. Wọ́n ń jẹun." Bí èèyàn mẹ́ta bá wà nínú àwòrán, ta ló ń jẹun? Ọmọdé á ní gbogbo wọn ni. Bó bá jẹ́ ọmọ ló ń sọ ìtàn, kò sí bí kò ṣe ní sọ "wọ́n" fún ìyá àgbà, nítorí náà, ẹ dá orúkọ padà nígbàkigbà tí wọ́n bá ṣí ojú tuntun: "Ìyá Àgbà ń jẹ ẹ̀kọ." Bó bá jẹ́ apàlọ́ ló ń sọ ọ́, ó lè lo "ó". Ọ̀kan ni kí ẹ mú. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀.

Ní ti àlọ́ orogún burúkú, èmi ò ní ká sun ún níná. Àmọ́ ọmọ tí ìyàwó bàbá rẹ̀ ń dirí fún ní gbogbo ọjọ́ Àìkú yẹ kó rí ìwé tí obìnrin yẹn ti ń dirí, tó ń nà án ní ìyarun lórí nígbà tó bá ń yí ọrùn kiri, láìsí májèlé nínú ọbẹ̀.

Ojú-ìwé 32 ló wọ́pọ̀. Tí ìwé bá jẹ́ èyí tí wọ́n fi wáyà gún láàárín, iye ojú-ìwé gbọ́dọ̀ ṣe é pín sí mẹ́rin-mẹ́rin, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òfìfo á wà lẹ́yìn. Yọ mẹ́rin fún àkọlé àti ọ̀rọ̀ àṣẹ-òǹkọ̀wé, ó ku 28, ìyẹn ojú méjì-méjì tó kọjú síra lọ́nà 14. Fún ọmọ ọdún mẹ́rin, gbólóhùn méjì ti tó níbi kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ṣọ́ fọ́ǹtì. "Ẹ́" àti "ọ̀" kì í ṣe lẹ́tà ẹyọ kan nínú kọ̀ǹpútà: àmì ohùn dá dúró, ó kàn gun lẹ́tà lórí ni. Fọ́ǹtì tí kò mọ̀ ọ́n gbé á sún un sórí lẹ́tà kejì, tàbí kó di àpótí òfìfo. "Ọkọ̀ mi" á di "ọkọ mi", àwàdà dé. Ẹ fi "ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n" dán an wò lórí bébà tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde, kì í ṣe lójú kọ̀ǹpútà nìkan.

Kí ẹ tó kó o lọ sí ilé ìtẹ̀wé, ẹ kà á fún ọmọ márùn-ún tí kò mọ ìtàn náà. Ẹ dúró níbi tí "wọ́n" bá wà, kí ẹ ní: "Ẹ fọwọ́ kàn wọ́n nínú àwòrán." Bí ìka bá lọ sí ọ̀nà mẹ́ta, kì í ṣe ọmọ lẹ máa bá wí. Ẹ pe ayàwòrán.