Báwo Ni Ímeèlì Kan Ṣe Ń Dé Ọ̀dọ̀ 40 Èèyàn Láì Di Méjì Lọ́wọ́ Ẹnikẹ́ni

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Òṣogbo ni mo wà, mo sì ń ṣe akọ̀wé fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Tí oṣù bá ti parí, èmi ni mo máa ń fi ìwé àkọsílẹ̀ owó ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lórí ímeèlì. Ogójì ni wá. Lóṣù kan báyìí, màmá kan tí wọ́n ń ta aṣọ ní ọjà Ìgbọ̀nà pè mí, ohùn wọn ò dùn rárá: "Akọ̀wé, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí ìwé yẹn gbà o. Ṣé ẹ̀ẹ̀mejì lẹ fẹ́ yọ owó lọ́wọ́ mi ni?"

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fi í ránṣẹ́. Àwọn 39 yòókù, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n rí. Kí ló wá dé tí ti màmá fi di méjì? Ká tó lè mọ ìyẹn, ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí kò jẹ́ kí ti àwọn tó kù di méjì, torí iṣẹ́ ńlá ni àwọn ẹ̀rọ yẹn ń ṣe, a kàn kì í rí i ni.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí gáréèjì. Ká ní ẹ fẹ́ fi ìwé ìpè ìgbéyàwó ránṣẹ́ láti Òṣogbo sí èèyàn mẹ́wàá n'Ìbàdàn àti méjì n'Ílọrin. Ẹ ò ní wá dírẹ́bà méjìlá. Mọ́tò Ìbàdàn kan, mọ́tò Ìlọrin kan, ó tán. Ẹ ó kọ orúkọ àwọn tó ni ín sára àpò, ẹni tó bá gbà á lọ́hùn-ún ni yóò pín in. Bí ímeèlì ṣe ń rìn gẹ́lẹ́ nìyẹn, àfi pé ìwé kan ṣoṣo ló máa wà nínú àpò. Ibi tó bá gúnlẹ̀ sí ni wọ́n ti máa dà á kọ fún oníkálukú.

[Lójú àwòrán: orúkọ 40 ń pín sí ọ̀nà mẹ́ta]

Bí mo ṣe tẹ bọ́tìnì, fóònù mi gbé lẹ́tà kan àti orúkọ 40 fún sáfà wa, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń bá wa gba lẹ́tà tó sì ń bá wa fi í ránṣẹ́. Orúkọ tó wà níwájú àmì @ kọ́ ni sáfà ń kọ́kọ́ wò. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń wò, torí ìyẹn ni orúkọ agboolé. Yóò béèrè lọ́wọ́ DNS, tó dà bí ìwé àdírẹ́sì gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì: "Ẹ̀rọ wo ló ń gba lẹ́tà fún agboolé yìí?" Èsì tó máa ń rí gbà ni wọ́n ń pè ní MX. Nínú àwa 40, àwọn 27 ń lo Gmail, àwọn 12 ń lo Yahoo, màmá ọlọ́jà nìkan ni wọ́n ń lo àdírẹ́sì tí ọmọ wọn ṣí fún ṣọ́ọ̀bù wọn. Ìrìn mẹ́ta nìyẹn, kì í ṣe 40.

Ẹ wá gbọ́ bí sáfà méjì ṣe ń sọ̀rọ̀ tí wọ́n bá pàdé. SMTP ni èdè tí wọ́n ń sọ. Jon Postel, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, ló kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1982. Wọ́n tún un kọ lọ́dún 2008, àmọ́ egungun rẹ̀ ò yí padà.

Sáfà wa á ní "MAIL FROM": ẹni tó rán mi rèé. Ti ọ̀hún á fèsì pé 250, ìyẹn ni pé, ó dáa. Sáfà wa á ní "RCPT TO": lágbájá ni mo mú un wá fún. 250. "RCPT TO": tàmẹ̀dù náà ń kọ́? 250. Báyìí ni yóò ṣe máa dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òfin ní sáfà tó ń gbàlejò gbọ́dọ̀ lè gba orúkọ 100, ó kéré tán, fún lẹ́tà kan. Tí orúkọ bá tán, ó ku "DATA". Lẹ́tà fúnra rẹ̀ á wá wọlé lẹ́ẹ̀kan péré, tóótó kékeré kan tó dá wà lórí ìlà tirẹ̀ ló sì ń parí rẹ̀.

Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé orúkọ kọ̀ọ̀kan ló ní èsì tirẹ̀. Tí wọ́n bá fi 550 dá ẹnì kan padà, pé àwọn ò mọ̀ ọ́n, ìyẹn ò dí àwọn yòókù lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ 450 ni, pé ẹ ṣì padà wá, sáfà wa á fàmì sí àwọn tó ti rí tiwọn gbà, ẹni tó kù yẹn nìkan ni yóò tún padà wá bá. Ká ní gbogbo 27 ló tún ń kó dání padà ni, àtúnṣe tí wọ́n ń ṣe fún ẹnì kan á ti da ilé gbogbo ará rú.

Àpòòwé ni RCPT TO yẹn o. Ìlà To àti Cc tí ẹ máa ń rí lójú fóònù, inú lẹ́tà ni wọ́n wà, sáfà kì í fi wọ́n wá ọ̀nà. Òun ló jẹ́ kí Bcc ṣeé ṣe, ìyẹn kéèyàn fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ẹnì kan láìjẹ́ kí àwọn yòókù rí orúkọ rẹ̀: orúkọ wà lára àpòòwé, kò sí nínú lẹ́tà. Tí ẹ bá sì kọ̀wé sí àdírẹ́sì kan tó dúró fún gbogbo ìgbìmọ̀, tí ẹ tún fi orúkọ ọ̀kan nínú wọn kún un, sáfà bíi Postfix á tú àdírẹ́sì ìgbìmọ̀ náà palẹ̀, tó bá bá orúkọ kan náà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á yọ ọ̀kan kúrò.

Àmọ́ àlàfo kan wà. Ẹ rántí bí ọmọ méjì tó lọ pọnmi ṣe máa ń gba ìkòkò lọ́wọ́ ara wọn: ẹni tó gbé e ò gbọdọ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀ àfi tí ẹnì kejì bá ní "mo ti dì í mú." Ọ̀rọ̀ yẹn ni 250 tó kẹ́yìn, lẹ́yìn tóótó. Ká wá ní sáfà ọ̀hún ti tọ́jú lẹ́tà, tí nẹ́tíwọ̀kì sì gé kí 250 tó dé ọ̀dọ̀ wa ńkọ́? Òfin ní kí sáfà wa dúró fún ìṣẹ́jú 10, ó kéré tán. Tí kò bá gbọ́ nǹkan kan, kò lè mọ̀ bóyá lẹ́tà wọlé àbí kò wọlé. Á tọ́jú tirẹ̀, á tún gbé e lọ lẹ́yìn bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Craig Partridge, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà, kọ̀wé lórí àlàfo yìí lọ́dún 1988, ó ní kí àwọn tó ń ṣe sáfà jẹ́ kó máa yára fèsì. Ìyẹn lè jẹ́ kí àlàfo náà kéré, kò lè dí i pátá.

Nǹkan méjì ló wà níwájú sáfà nígbà yẹn: kó jọ̀wọ́ lẹ́tà, bóyá kó sọnù, tàbí kó tún un gbé lọ, bóyá kó di méjì. Èkejì ni wọ́n yàn fún un, mo sì fara mọ́ ọn tọkàntọkàn. Ìwé owó tó dé lẹ́ẹ̀mejì, a lè pa ọ̀kan rẹ́. Èyí tí kò dé, ta ló máa mọ̀ pé ó yẹ kó dé?

Mo lọ bá màmá ní ṣọ́ọ̀bù. A ṣí méjèèjì, a lọ síbi tó ń fi gbogbo ìsọfúnni nípa lẹ́tà hàn. Message-ID wà níbẹ̀, nọ́mbà gígùn kan tí wọ́n máa ń fún lẹ́tà nígbà tó bá ń kúrò nílé. Àwọn sáfà kan máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n bá tún rí i lẹ́ẹ̀kejì, wọn ò ní jẹ́ kó wọlé. Ti ṣọ́ọ̀bù màmá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ń ka ti àkọ́kọ́ sókè, wọ́n ń fi ìka tẹ̀ lé ti ìkejì, títí a fi dé òpin. Aago tí wọ́n wọlé nìkan ló yàtọ̀: 10:14 àti 10:46.

"Ọ̀kan náà ni," màmá ní. Wọ́n pa ìkejì rẹ́, wọ́n wá ní kí n jókòó, kí n bá wọn wo iye tí wọn yóò dá lóṣù tó ń bọ̀.