Jákàńdè àti Ilé-Ìwé Èkó: Ta Ló Ń Pè É Ní Ilé Adìẹ?

Alága, ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi ti tún orin àtijọ́ yẹn kọ, pé ilé adìẹ, kì í ṣe ilé-ìwé, ni Alhaji Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè, gómìnà Èkó nígbà kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Kékeré, kọ́ fún ọmọ Èkó. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un. Mo sì ń wo àwọn tí àtẹ́wọ́ wọn dún jù: ọ̀pọ̀ yín ni bàbá yín rí owó ilé-ìwé aládàáni san nígbà náà. (Ẹ má bínú. Mo ní kí n tètè sọ ọ́ kí wọ́n tó gba máìkì lọ́wọ́ mi.)

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Kí Bàbá Kékeré tó di gómìnà ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá ọdún 1979, tí agogo mẹ́wàá àárọ̀ bá lù, níbo ni ọmọ ọ̀sán, ìyẹn ọmọ tí wọ́n pín ìgbà ẹ̀kọ́ rẹ̀ sí ọ̀sán, wà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ní Múṣin tàbí Àjẹ́gúnlẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Ọmọ àárọ̀ á jáde, ọmọ ọ̀sán á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí kò tíì tutù. Àwọn ilé-ìwé kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín ọmọ sí lóòjọ́. Ọmọ ọ̀sán ti kiri ọjà fún ìyá rẹ̀, oòrùn ti pa á, oorun ti ń kùn ún, ìgbà yẹn la wá ń kọ́ ọ ní ìṣirò. Àsìkò tí ẹ ní ẹ̀kọ́ ṣì dára nìyẹn o.

Ọdún 1980 ló fòpin sí i. Iye tí wọ́n ń kà fún ìjọba rẹ̀ ni yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ 11,729 láàrin oṣù Kẹta sí oṣù Kẹjọ ọdún náà, kí ọmọ inú ọ̀kan má sì ju ogójì lọ. Ẹni tó bá ti kọ́lé rí ní Èkó mọ̀ pé a kì í fi oṣù mẹ́fà kọ́ iye yàrá bẹ́ẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ rí bíi King's College.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò díẹ̀. Nínú iye kan náà tí ẹ̀yin náà máa ń tọ́ka sí, ilé-ìwé girama 105 ló bá ní 1979, akẹ́kọ̀ọ́ 107,835 ló wà níbẹ̀. Nígbà tó fi máa lọ, ó ti di 223, akẹ́kọ̀ọ́ sì di 167,629. Àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ máa ń kì í bí oríkì, wọn kì í pín in. Ẹ bá mi pín in. Ilé-ìwé kan tó ń gba bíi 1,027 ọmọ wá ń gba bíi 750. Ọmọ pọ̀ sí i, èrò inú ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan dín kù! Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀: 605 di 812, ọmọ 434,545 di 533,001. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó gba èrò sí i tí àyè tún gbòòrò, ẹ dárúkọ òmíràn fún mi.

Mo tún ń padà sí agogo mẹ́wàá àárọ̀ mi. Ní 1983, inú kíláàsì ni ọmọ yẹn wà. Páànù lè máa gbóná lórí rẹ̀, ògiri lè má ga, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ṣì jí pépé.

Ẹ ní yàrá náà ti jò, ó ti wó. Bẹ́ẹ̀ ni. Ológun gbàjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983. Ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́ta péré ni Jákàńdè lò. Ẹni tó bá ta àtíbàbà fún wa láti fi ṣe ìnáwó, tí a wá ń gbé abẹ́ rẹ̀ fún ogún ọdún, ṣé òun la ó máa bú?

Alága ti ń nawọ́ sí aago, ẹ jẹ́ kí n sáré. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ tó tóbi jù lójú tèmi ni ìwé tí ìjọba rẹ̀ kọ ní oṣù Kẹta ọdún 1980 láti fòfin de alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Okogie ti ìjọ Kátólíìkì pè wọ́n lẹ́jọ́, ó jàre, ó sì yẹ kó jàre. LASU, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Pé ó ṣe mínísítà lábẹ́ Abacha: ọ̀rọ̀ ilé-ìwé kọ́ nìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀.

Mo ti ń kó ìwé mi jọ nígbà tí ìyá kan dìde lẹ́yìn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, láti àárọ̀ lo ti ń ka ilé. Ta lẹ fi sínú rẹ̀?”

Gbọ̀ngàn hó yèè. Mo dúró, nítorí ìbéèrè yẹn ló yẹ kí n gbé wá. Ilé-ìwé girama 118 tó lé sí i ń fẹ́ ọ̀gá 118, ó ń fẹ́ ẹni tí yóò kọ́ wọn ní físíìsì, ẹni tí yóò kọ́ wọn ní kẹ́mísìrì. Ìyá ní ará Ghana ló kọ́ ọmọ àwọn ní ìṣirò. Òótọ́ ni, wọ́n pọ̀ nínú ilé-ìwé wa nígbà náà. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba àpapọ̀ ti Shagari lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú. Tíṣà wà lára àwọn tó gbé báàgì Ghana Must Go lọ. Gómìnà Èkó kọ́ ló pàṣẹ yẹn, kò sì lágbára láti dá a dúró.

Ìyá ò jẹ́ kí n sá síbẹ̀. “Kí ló dé tí a ò fi ní tiwa?”

Oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi kọ́ yàrá; ọdún mẹ́ta gbáko ni NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Ibẹ̀ ni mo gbà fún wọn pé ètò náà ti mẹ́hẹ: bí ìjọba Jákàńdè ṣe ń ka bíríkì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọn ò fi irú ìkánjú bẹ́ẹ̀ wá olùkọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà ní títì ní 1980 kò lè dúró de NCE ẹnikẹ́ni. Ilé ló yẹ kó ṣáájú, mo ṣì dúró lórí ìyẹn.

Ìyá ní àwọn ò gbà, pé àwọn ni wọ́n wà nínú kíláàsì, kì í ṣe èmi. Alága ní oúnjẹ ti ń tutù.